Báwo ni Rachel ṣe di akéwì nínú èdè tí kò bá nílé?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé Rachel, obìnrin tí àwọn ará Ísírẹ́lì ṣì ń kọ ewì rẹ̀ lórin títí di òní, ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún kí ó tó máa fi èdè Hébérù sọ̀rọ̀. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe di àgbà akéwì nínú èdè náà?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí Rachel Bluwstein ní ọdún 1890, èdè Rọ́ṣíà ni ó sì fi kọ àwọn ewì ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 1909, òun àti arábìnrin rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Palẹ́sìtáìnì, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Tọ́kì nígbà náà, wọ́n sì gba ìlú Rehovot lọ. Àwọn méjèèjì pinnu láti máa sọ Hébérù láàárín ara wọn, wọ́n sì ń lọ jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi láti máa gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe ń sọ ọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Inú Ìwé Mímọ́ àti ìwé àwọn rábì ni ọ̀pọ̀ akéwì tí ó ṣáájú rẹ̀ ti kọ́ Hébérù, ìdí nìyẹn tí èdè wọn fi jinlẹ̀ tí ó sì wúwo. Ẹnu ọmọdé ni Rachel ti gbọ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìyàtọ̀ yẹn hàn sí etí?

Ìdáhùn: Ó hàn gbangba. Àwọn Júù Yúróòpù a máa tẹ ohùn mọ́ sílébù tí ó ṣáájú ti ìgbẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Hébérù, ṣùgbọ́n sílébù ìgbẹ̀yìn ni àwọn tí ó sọ èdè náà jí ní Palẹ́sìtáìnì sábà máa ń tẹ̀. Bialik (1873–1934), baba ńlá láàárín àwọn akéwì Hébérù òde òní, fi ohùn ti Yúróòpù kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ewì rẹ̀; bí ọmọ Ísírẹ́lì òde òní bá kà wọ́n, ìlù inú wọn a dàrú. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí oríkì nígbà tí wọ́n bá ṣi ohùn rẹ̀ pè yóò mọ bí àdánù náà ti tó. Rachel wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ohùn tí a ń sọ ní ojú pópó kọ ewì.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn bẹ́ẹ̀ fi ń dunni wọra?

Ìdáhùn: Nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Ó ṣiṣẹ́ oko ní Kinneret, ní etí Òkun Gálílì, ó sì fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibikíbi lọ. Ní ọdún 1913 ó lọ kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Toulouse, ní Faransé. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀, kò rí ọ̀nà padà, ó sì gba Rọ́ṣíà lọ láti tọ́jú àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé. Ní Rọ́ṣíà ni ikọ́ ife ti fojú hàn lára rẹ̀. Ní ọdún 1919 ó padà dé, ó sì darapọ̀ mọ́ Degania, abúlé tí àwọn ará rẹ̀ jọ ní ohun gbogbo, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó máa lọ kí àìsàn náà má baà ran àwọn ọmọ. Láti ìgbà náà, inú yàrá ni ó ń gbé, ní Jerúsálẹ́mù àti ní Tel Aviv, tí ó ń kọ̀wé.

Àkọlé àwọn ìwé rẹ̀ sọ ìtàn yìí fúnra wọn. Safiah (1927) ni ohun ọ̀gbìn tí ó hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó wà nínú Léfítíkù 25. Mineged (1930) túmọ̀ sí “láti òkèèrè”, láti inú ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run sọ fún Mósè pé yóò rí ilẹ̀ ìlérí ṣùgbọ́n kò ní wọ̀ ọ́. Nevo, orúkọ òkè tí Mósè gùn, jáde ní ọdún 1932, lẹ́yìn tí Rachel ti kú ní ọmọ ogójì ọdún. Kinneret ni ilẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń wò láti òkèèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, létí omi náà, ìwé ewì rẹ̀ sì wà níbi sàréè fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ jókòó kà á.