Bí Kùránì àti Bíbélì Ṣe Pàdé Lórí Tábìlì Kan ní Ìbàdàn

Agbo ilé tí bàbá ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí àbúrò rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹran Iléyá sì ń wọ ìkòkò àwọn méjèèjì, kì í ṣe ohun tuntun ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká jọ jẹun, ọ̀tọ̀ ni ká jọ ka ìwé mímọ́ ara wa. Jíjọ kàwé yìí pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mùsùlùmí wà láàárín àwọn tó tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Ilé-kéú ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ: wàláà lọ́wọ́, tàdáwà nílẹ̀, ààfáà lókè. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ nípa Ànábì Mùsá àti Fíríáónà, nípa Ànábì Yúsúfù tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù sí kànga, àti nípa Màríyámù ìyá Ànábì Ísà. Ní 1853, míṣọ́nárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá ń gbé ìlú náà, ìjọ àti ilé-ìwé sì bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń gbọ́ nípa Jósẹ́fù àti kànga rẹ̀. Ọmọ méjì nílùú kan, Yúsúfù kan náà ni wọ́n ń káàánú, ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Ní ti àwọn Júù, inú Májẹ̀mú Láéláé nìkan ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ti mọ̀ wọ́n.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kùránì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Yorùbá, tó jáde ní Èkó ní 1906, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ló túmọ̀ rẹ̀, Ẹni-ọ̀wọ̀ M. S. Cole. Ẹ má ṣe rò pé ìfẹ́ lásán ló mú un ṣe é o. Ẹni tó ń wàásù fún mùsùlùmí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ìwé wọn.

Ìgbà tí fásitì dé ni ọ̀nà là. Ní 1948 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1949, Geoffrey Parrinder, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tó ti ṣiṣẹ́ ní Dàhòmì (Bẹ̀nẹ̀ òde òní), wá ń kọ́ni ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn. Kò jókòó sínú ọgbà. Ó rìn káàkiri ìlú, ó wo mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ òrìṣà, ìwé tó kọ lórí ẹ̀sìn nílùú Ìbàdàn sì jáde ní 1953. Ó kúrò ní 1958. Ní 1965, ó gbé ìwé mìíràn jáde lórí Jésù nínú Kùránì. Lójú tèmi, Ìbàdàn wà nínú ìwé yẹn.

Kí ni ẹni tó bá ṣí ìwé méjèèjì yóò rí? Ẹ jẹ́ ká mú Iléyá. Jẹ́nẹ́sísì orí 22 ní Ísáákì ni Ábúráhámù fẹ́ fi rúbọ. Súrà 37 sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọmọ. Ismaila ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ mùsùlùmí sọ, síbẹ̀ al-Tabari, àgbà nínú wọn, fara mọ́ Is'haq, ìyẹn Ísáákì. Àwọn Júù ń ka ìtàn yìí ní ọdún tuntun wọn, ìwo àgbò ni wọ́n sì ń fọn. Àwọn Kristẹni rí Jésù nínú àgbò náà. Kódà Jerúsálẹ́mù ni àwọn mùsùlùmí kọ́kọ́ ń kọjú sí kírun, kí wọ́n tó yí sí Káábà lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn ìṣíkúrò Ànábì láti Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ṣùgbọ́n Súrà 4 kọ̀ pé wọ́n kan Ísà mọ́ àgbélébùú, Súrà 112 sì ní Ọlọ́run kò bímọ. Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ kò tíì kà á dé ibẹ̀.

Àwọn ààfáà kò dúró lójú kan. Ní 1958, Sheikh Murtadha Abdus-Salam dá Ma'had, ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, sílẹ̀ ní Ẹlẹ́kuro ní Ìbàdàn, kí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá lè ní kíláàsì àti ìwé-ẹ̀rí. Ní fásitì, onímọ̀ ìtàn John Hunwick dá ibùdó ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá sílẹ̀ ní 1964, wọ́n ń ya àwòrán ìwé tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ààfáà. Bọ́lájí Ìdòwú, tí yóò di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ní 1972, ni ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀sìn nígbà náà. Ní 1967 ni ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Oríta, ìwé àtìgbàdégbà tó ń gba iṣẹ́ lórí Ìsìláàmù, ẹ̀sìn Kristi àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọlé.

Inú ọgbà fásitì yìí kan náà ni ìjà àgbélébùú ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1985. Àwọn mùsùlùmí ní àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì wà lójú àwọn bí àwọn bá ń kírun; àwọn Kristẹni ní ó ti wà níbẹ̀ kí mọ́ṣáláṣí tó dé. Wọn kò yọ ọ́. Ògiri ni wọ́n mọ síwájú rẹ̀.