Oòrùn Kọ́ Ni Oògùn Kóńgà Tí Ohùn Rẹ̀ Lọ Sílẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀ láàárín àwọn onílù wa ní Àgbádárìgì àti agbègbè rẹ̀, láti Àjàrá títí dé Ṣẹ̀mẹ́, pé bí ohùn kóńgà, ìlù gíga tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, bá ti lọ sílẹ̀, oòrùn ni oògùn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, a óò rí kóńgà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tò sí ìta ilé ìjọsìn, tí wọ́n kọ ojú awọ wọn sí oòrùn. Bí òjò bá sì ṣú, èédú tàbí iná ìwé ìròyìn ni wọ́n ń lò dípò oòrùn. Àwọn tí ń ṣe é ní ẹ̀rí tiwọn, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá gbé ìlù náà padà wọlé, ohùn rẹ̀ a máa ké ketekete. Ẹ̀rí yìí ni ó mú kí ìgbàgbọ́ náà ṣòro láti fà tu. Ṣùgbọ́n ohùn tí oòrùn gbé dìde kì í bá ìlù kalẹ́, awọ àti igi rẹ̀ ni ó sì ń jìyà rẹ̀, títí tí kóńgà tí ó yẹ kí bàbá lù kí ọmọ sì tún lù yóò fi di ohun tí a jù sí ẹ̀yìn ilé láìpẹ́ ọjọ́.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ibi tí àṣà náà ti wá, nítorí pé fún irú ìlù mìíràn, òtítọ́ ni. Sámbà tí wọ́n fi ìṣó kan awọ mọ́ igi rẹ̀ kò ní ohun mìíràn tí a lè fi mú awọ rẹ̀ le ju ooru lọ. Àwọn ìlù tí àwọn ará wa Ògù ń fi èèkàn igi de awọ wọn náà lè jẹ àǹfààní oòrùn díẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu èèkàn wọlé. Kóńgà fúnra rẹ̀ pàápàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú àti àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ti dá ìlù náà sílẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní tumbadora, ìṣó ni wọ́n fi ń kan awọ mọ́ ẹnu igi, onílù a sì máa fi iná yá awọ náà kí ó tó jáde sí agbo. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn tí ń ṣe ìlù ní Havana bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka irin àti ìkọ́ onínọ́ọ̀tì rọ́pò ìṣó, nítorí pé ooru kì í dúró. Candido Camero, onílù ọmọ Kúbà tí ó kú ní ọdún 2020 lẹ́ni ọdún 99, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ to kóńgà mẹ́ta síwájú ẹnì kan ṣoṣo, tí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, tí ó sì ń fi wọ́n kọ orin. Kò sí bí iná ṣe lè di irú ohùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé kóńgà onírin sínú oòrùn ń fi oògùn ìlù oníṣòó wo ìlù tí wọ́n ti fún ní ohun èlò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ dáadáa. Awọ kóńgà kì í ṣe irú awọ tí a fi ń rán bàtà. Awọ màlúù, ìbaaka tàbí ẹfọ̀n ni, tí a fá irun rẹ̀, tí a nà án gbẹ láìfi oògùn sọ ọ́ di awọ bàtà, tí ó sì kún fún fọ́nrán tín-ín-rín tí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé òjò kàn án rárá. Àgbádárìgì sì nìyí: òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà ya ìlú kúrò lára erékùṣù etí òkun, òjò a sì máa rọ̀ láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, àyàfi ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, fọ́nrán a mu omi, awọ a dẹ̀, ohùn a sì lọ sílẹ̀. Oòrùn a lé omi náà jáde, awọ a sún kì, ohùn a gòkè. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ohun tí a ń pè ní ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n bá sì gbé ìlù padà sínú gbọ̀ngàn tí èrò kún, tí èémí àti òógùn ọgọ́rọ̀ èèyàn ń rin afẹ́fẹ́, awọ náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Kí wọ́n tó dé orí ìwàásù, ohùn ti padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Onílù tí ohùn já sílẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ a mú sípánà, a yí àwọn nọ́ọ̀tì le títí ohùn yóò fi bọ̀ sípò, bẹ́ẹ̀ awọ tí ó mu omi yó ni ó ń fà. Lẹ́yìn ìsìn, kò sí ẹni tí ó tú u. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n a tún gbé e sí oòrùn pẹ̀lú ìkọ́ tí ó ti fún pinpin: omi ń jáde, awọ fẹ́ sún kì, ṣùgbọ́n òrùka irin kò fún un láyè. Ìfà méjì ti pàdé lára awọ kan ṣoṣo. Ó lè ya lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní ẹ̀bá òrùka. Ó sì lè má ya lọ́jọ́ náà, kí fọ́nrán rẹ̀ kàn máa já díẹ̀díẹ̀, títí ohùn rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí a ó máa lu àárín rẹ̀ tí kò ní dún mọ́ bí ìlù tí ó ní ikùn. Àsìkò ọyẹ́ ni ọ̀pọ̀ awọ ń ya ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn èèyàn a sì máa ní awọ burúkú ni wọ́n tà fún àwọn. Ìkọ́ tí wọ́n yí le nígbà òjò, tí wọn kò tú, ni ó ya á.

Iná tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ tí omi wà nínú rẹ̀, bí ó bá gbóná tó nǹkan bí 60 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a máa kákò lọ́nà tí kò lè padà mọ́. Fọ́nrán rẹ̀ ti yí padà, ojú ibẹ̀ yóò le bí ìwo, yóò sì máa fọ́. Èédú tí a gbé sún mọ́ awọ lè mú un dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe fi kóńgà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti pa gíláàsì rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú, nítorí oòrùn náà ni, ilé ni a kọ́ fún un.

Ní ti igi, ọ̀pọ̀ kóńgà kì í ṣe ìtí igi kan tí a gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, bí a ti ń gbẹ́ gbẹ̀du. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ara wọn yíká. Oòrùn tí ó ń pa ẹ̀gbẹ́ kan nìkan yóò gbẹ ẹ̀gbẹ́ náà ju èkejì lọ, ojú àtè yóò là, ìlù náà yóò sì máa gbọ̀n ní ìdí bí a bá ti lù ú. Kóńgà onífáíbà bọ́ lọ́wọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà awọ, nítorí awọ ẹran kan náà ló wà lórí rẹ̀. Bí ó bá sì ṣubú lórí sìmẹ́ńtì, fáíbà lè sán níbi tí igi kò ní ju kí ara rẹ̀ bó díẹ̀ lọ.

Kí wá ni kí á ṣe? Sípánà ni, kí a sì lò ó lẹ́ẹ̀mejì: ṣáájú ìlù àti lẹ́yìn ìlù. Bí a bá fẹ́ gbé ohùn sókè, ẹ kọ́kọ́ fi ìka lu etí awọ níwájú ìkọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ èyí tí ó rẹlẹ̀ nínú wọn. Kí ẹ wá yí nọ́ọ̀tì kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, kí ẹ rékọjá sí èyí tí ó dojú kọ ọ́ ní ìhà kejì, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yíká, kí ẹ tó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ẹ máa wo òrùka irin bí ẹ ti ń ṣe é, nítorí òrùka tí ó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan yóò mú kí awọ fún ní ìhà kan kí ó sì dẹ̀ ní ìhà kejì, ohùn méjì ni yóò sì máa ti ara ìlù kan jáde. Bí ẹ bá parí ìlù, ẹ tú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan padà ní ìwọ̀n kan náà, ìdajì ìyípo tàbí ìyípo kan, kí gbogbo wọn sì dọ́gba. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé awọ tí a tú yóò gbàgbé ohùn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ bá fi tú u náà ni ẹ ó fi yí i le padà, ohùn yóò sì bá yín níbẹ̀, bí kò bá ṣe pé ojú ọjọ́ yí padà gidigidi. Bí mo bá ní àṣẹ, gbogbo ilé ìjọsìn tí ó bá ní kóńgà ni ìbá ní sípánà tirẹ̀ tí a so mọ́ ìdí ìlù náà, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àìrí sípánà ni ó gbé ìlù lọ sí oòrùn.

Afẹ́fẹ́ òkun tún ní ọ̀tá mìíràn nínú, iyọ̀. Nọ́ọ̀tì tí iyọ̀ bá jẹ yóò dípẹtà títí kò fi ní yí mọ́, onílù tí kò bá sì rí nọ́ọ̀tì yí yóò padà sídìí iná dandan. Gírísì díẹ̀, tàbí faselíìnì bí kò bá sí gírísì, ni kí ẹ fi sí ojú eyín ìkọ́ kọ̀ọ̀kan ní oṣù mélòó kan síra wọn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi aṣọ gbígbẹ nu ún. Ara ìkọ́ ni gírísì wà fún. Epo pupa tí àwọn mìíràn ń fi pa awọ lójú kì í gbé ohùn sókè. Ó máa ń wọ inú fọ́nrán lọ, á mú un wúwo, á sì pe èkúté.

Bí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ba ìlù jẹ́ náà ni ó ń tan ẹni tí ó fẹ́ rà á jẹ. Kóńgà tòkunbọ̀ tí ó ti wà níwájú ìsọ̀ láti àárọ̀, tí oòrùn ti pa á, kò ní ṣàì dún lọ́sàn-án. Ẹ bẹ olùtajà kí ó gbé e sí abẹ́ òrùlé, kí ẹ máa wo àwọn nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó lù ú. Ẹ ní kí ó tú gbogbo nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ó sì tún yí wọn le lójú yín: èyí tí kò bá yí, tàbí ìkọ́ tí ó ti tẹ̀, owó ni yóò tún ná yín. Ẹ dorí ìlù kodò, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀, kí ẹ máa wo ojú ìlà tí pákó ti pàdé. Bí ìmọ́lẹ̀ òde bá yọ láàárín wọn, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ẹ fi ìka yí etí igi ká lábẹ́ òrùka bí ọwọ́ bá tó o, nítorí etí tí ó jìn sínú níbì kan kì í jẹ́ kí ohùn dọ́gba láéláé. Ẹ béèrè ìwọ̀n ojú rẹ̀ pẹ̀lú: quinto tí ohùn rẹ̀ ga jù máa ń tó nǹkan bí ínṣì 11, conga tí ó wà láàárín jẹ́ nǹkan bí ínṣì 11¾, tumba tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 12½. Fún ìjọ tí owó rẹ̀ kò ju ti méjì lọ, conga àti tumba ni mo gbà wọ́n níyànjú láti rà, nítorí quinto nìkan kì í gbé orin ìjọ ró.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí ìtọ́jú awọ ẹran bá nira fún. Ilé iṣẹ́ Remo ní Amẹ́ríkà, tí ó ti ń ṣe awọ ìlù oníke láti ọdún 1957, àti àwọn mìíràn bíi tirẹ̀, ń ṣe èyí tí a lè fi sórí kóńgà. Ọ̀rinrin kì í wọ̀ ọ́, nítorí náà oòrùn kò ní ohùn kankan láti dá padà fún un. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ohùn awọ ẹran jù, ó ní ìjìnlẹ̀ tí ike kò ní; ṣùgbọ́n fún ìlù tí ọwọ́ púpọ̀ ń lù, tí kò sì ní ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, ike ni ó bọ́gbọ́n mu.

Bí awọ ẹran bá ya, tí ẹ sì fẹ́ fi tuntun sí i, omi tútù ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi òrùka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dọ́gbadọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ ní ibòji fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbé ohùn rẹ̀ sókè rárá. Bí òde àríyá bá sì gbé yín sínú oòrùn tí kò sí àgọ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì kí ẹ tó gbé ìlù jáde, ẹ ta aṣọ bo ojú awọ títí eré yóò fi yá, kí ẹ tó fi sípánà wá ohùn tí ẹ fẹ́.