Ibi tí ìbẹ̀rù ikú ti ń rí agbára lára aláìsàn àti àgbàlagbà

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ni ẹ̀rù ikú ń pọ̀ sí i. Ìwádìí kò gbè é lẹ́sẹ̀. Láti 1970 ni Donald Templer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti gbé ìbéèrè 15 kalẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ìbẹ̀rù yìí, ohun tó sì ń jáde léraléra ni pé àwọn arúgbó kì í sábà bẹ̀rù ikú tó àwọn tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí. Ní 1999, àwọn onímọ̀ méjì, Barry Fortner àti Robert Neimeyer, kó àwọn ìwádìí tó dá lórí àgbàlagbà nìkan jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Láàárín àwọn àgbàlagbà fúnra wọn, iye ọdún tí ènìyàn ti lò láyé kò sọ bóyá ẹ̀rù máa bà á. Jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin náà kò sọ ọ́. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà jù ni àwọn tí àìsàn ara wọ̀ lọ́rùn, àwọn tí ọkàn wọn ti dàrú tẹ́lẹ̀, àwọn tí ìgbé ayé tí wọ́n ti gbé kọjá kò tẹ́ lọ́rùn, àti àwọn tó ń gbé ilé ìtọ́jú arúgbó dípò ilé ara wọn.

Ohun tí à ń pè ní ìbẹ̀rù ikú kì í sì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí ìyá àgbà bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ó lè jẹ́ ìrora ló ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ ìdájọ́ lẹ́yìn ikú. Ó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn tí kò tíì rówó dá dúró. Ọ̀pọ̀ àgbà nílẹ̀ Yorùbá ló ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, tí ọ̀rọ̀ náà sì dá wọn lójú: kí ìyàwó ọmọ ẹni máa pààrọ̀ páńpáàsì fún ẹni ló ń bà wọ́n lẹ́rù ju ibojì lọ. Àwọn mìíràn ò bẹ̀rù nǹkan kan tó pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sin ọmọ. Oògùn lè kápá ìrora. Kò lè kápá ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí á kọ́kọ́ mọ èwo ni.

Ara ló sábà máa ń fa ẹ̀rù náà jáde. Ká ní bàbá kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn ọmọ sì ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sílé fún un. Ó jí lóru, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ó so ẹ̀rọ mọ́ apá, ó rí 158. Ẹ̀rù bà á. Bí ẹ̀rù bá ti bani, ara a tú adrẹ́nálínì, èròjà tó máa ń jáde nígbà ìpayà, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a sáré, òpó ẹ̀jẹ̀ a fún pọ̀, ìfúnpá a sì gòkè. Nígbà tó fi máa tún un yẹ̀ wò, ó ti di 171. Ẹ̀rọ ti wá jẹ́rìí sí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù gan-an ló gbé nọ́ńbà náà sókè. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ tí àyà rẹ̀ ti ń já. Bí dókítà bá sọ iye ìgbà tó yẹ kó máa yẹ ìfúnpá wò lóòjọ́, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, òru rẹ̀ lè tù ú díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni kò nídìí o. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́, omi lè kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, kó ta jí tí èémí ò já geere. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe kí wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀. Cicely Saunders, tó ṣí St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tó ń sún mọ́ ikú, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora ara, ìdààmú ọkàn, wàhálà ẹbí àti ìbéèrè ìgbàgbọ́ jọ ń ṣe aláìsàn pọ̀ ni. Ẹni tí ara ń ro kò ráyè ronú sí ohunkóhun mìíràn.

Bí ara bá wá rọlẹ̀, ìṣirò ìgbé ayé ló kù. Erik Erikson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, sọ pé iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn fún ọkàn ènìyàn ni pé kó wẹ̀yìn wò, kó sì fara mọ́ ohun tó rí. Ní 1963, dókítà Robert Butler ṣàlàyé pé arúgbó tó ń sọ ìtàn àtijọ́ kì í kàn sọ̀rọ̀ lásán: ó ń ṣètò ayé rẹ̀. Ìyá tó ń tún ìjà òun àti àbúrò rẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá wọn sọ ṣáá, ìjà náà ló kù tí kò tíì parí nínú rẹ̀. Dókítà Harvey Chochinov ní Kánádà sọ èyí di ìtọ́jú: wọn a jókòó ti aláìsàn, wọn a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọn a sì fi lé e lọ́wọ́ kó fún ẹni tó bá fẹ́. Ilé wa ò ṣàì lè ṣe é. Fóònù tó ń gbohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Ìwádìí Paul Wink àti Julia Scott tó jáde ní 2005 rí i pé àwọn tó wà ní àárín, tí wọn ò jinlẹ̀ nínú ẹ̀sìn tí wọn ò sì pa á tì, ni ikú ń dẹ́rù bà ju àwọn tó jinlẹ̀ nínú rẹ̀ àti àwọn tí kò kà á sí. Ẹ̀rù ikú tún ń ba àwọn tí ìṣe wọn kò bá ìgbàgbọ́ wọn nípa ẹ̀yìn ikú mu. Aláìsàn tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa àìsàn, wọ́n ti bu ẹrù mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ń dunni jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹbí. Màmá ní, "Bí mo bá kú…", ọmọ ti já a gbà: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Màmá, ẹ ò ní kú!" Ìfẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Wọn a tún fi orúkọ àìsàn pamọ́ fún un. Ó ń rí ojú wọn. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní pálọ̀. Ohun tí wọn ò sọ fún un, ọkàn rẹ̀ a sọ ọ́, a sì máa burú ju òtítọ́ lọ nígbà mìíràn. Ìbéèrè tó dára jù níbẹ̀ ni: "Màmá, kí ló ń dà yín láàmú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Kí ọmọ sì dákẹ́ kó gbọ́.

Bí àgbà bá wá kọ oúnjẹ, tí oorun dá lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sí ohun tó ń wù ú mọ́, ó ti lè kọjá ìbẹ̀rù. Ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tó jẹ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú. Kì í ṣe ara ọjọ́ ogbó. Dókítà ìdílé lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn sì ní ibùdó tó wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan.