Áńpù béèsì àlòkù: kí ni ẹ ń rà gan-an?

Ẹni tó ń wá gìtá béèsì àlòkù mọ ibi tí ojú ń lọ: ọrùn gìtá, okùn, bọ́tìnì. Tó bá wá di ti áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, nọ́ńbà watt tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń wò. Iná pupa bá ti tàn, owó ti jáde nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iná lè tàn lára áńpù tó ti kú. Àwọn ìbéèrè tí àwọn oníbéèsì máa ń bi ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí nìwọ̀nyí.

Áńpù gìtá lásán ló wà nílé. Ṣé kò lè gbé béèsì ni?

Yóò gbé e, tí ẹ kò bá yí i sókè. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá ń gbọ̀n ní bíi ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti béèsì, 41 péré. Béèsì olókùn márùn-ún tún wálẹ̀ dé 31. Bí ohùn bá ṣe wálẹ̀ tó ni bébà sípíkà ṣe gbọ́dọ̀ rìn jìnnà tó, sípíkà gìtá kò sì ní àyè ìrìn yẹn. Áńpù fúnra rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́, sípíkà ló máa ń fara gbá a. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé áńpù Bassman tí Fender gbé jáde fún àwọn oníbéèsì ní 1952, àwọn onígìtá ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kí ló dé tí áńpù àtijọ́ oní-100 watt fi ń pariwo ju tuntun oní-300 watt lọ?

Etí kì í ka watt. Tí ẹ bá sọ watt di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) mẹ́ta péré lẹ rí gbà, ìyàtọ̀ tí etí kàn lè fura sí. Kí ohùn tó dà bíi pé ó di ìlọ́po méjì, watt gbọ́dọ̀ di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Sípíkà ló ń ṣe iṣẹ́ yòókù: lábẹ́ watt kan náà, àpótí sípíkà kan lè fi dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́fà ju èkejì lọ, ìyẹn sì tó iṣẹ́ tí ìlọ́po mẹ́rin watt ń ṣe. Ẹ tún yẹ ìdí nọ́ńbà náà wò. "300 watt" tí wọ́n kọ lè jẹ́ orí 4 ohm (a óò dé orí ohm láìpẹ́). Ẹ so ó mọ́ àpótí 8 ohm, ó lè má ju 180 lọ mọ́.

Ti áńpù onífáfù, èyí tó ń fi fáfù onígíláàsì bíi gílóòbù gbé ohùn sókè, tún yàtọ̀. Tó bá kọjá agbára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń ya, lọ́nà tó dùn-ún gbọ́, olórin á sì máa yí i sókè sí i. Ti onítúràńsítọ̀, tó ń lo túràńsítọ̀ kéékèèké dípò fáfù, ń ya lójijì ni, kíá lọwọ́ á ti padà sórí bọ́tìnì.

Ohm yìí gan-an ló ń rú mi lójú.

Òun ló ń rú ọ̀pọ̀ lójú, òun náà ló sì ń jó áńpù wọn. Ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó, tí iṣẹ́ áńpù sì ń le sí i. Ẹ so àpótí méjì mọ́ áńpù kan, bí ìgbà tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn kejì fún èrò ni: àwọn tó ń jáde á pọ̀ sí i. Nítorí náà, àpótí 8 ohm méjì di 4 ohm, 4 ohm méjì di 2. Tí ẹ bá so 8 àti 4 pọ̀, ó di bíi 2.7, èyí tó jẹ́ 4 ló sì máa gba ìlọ́po méjì agbára tí èkejì gbà.

Fún áńpù onítúràńsítọ̀, ẹ má sọ̀kalẹ̀ kọjá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 4, àpótí 8 kò ní ṣe é ní nǹkan kan, agbára rẹ̀ ló máa dín kù. 2 ló lè jó o. Onífáfù ní òfin tirẹ̀. Ó sábà máa ń ní súwìṣì tàbí ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún 2, 4 tàbí 8, ohun tí ẹ bá sì so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹ má sì ta gìtá sínú rẹ̀ láìsí sípíkà lẹ́yìn rẹ̀ láé. Agbára tí kò rí ibi gbà yóò padà sínú túránsífọ́mà tó ń bọ́ sípíkà, èyí tó wà lára ohun tó wọ́n jù láti pààrọ̀ nínú irú áńpù bẹ́ẹ̀.

Tí àkọlé àpótí bá ti ṣí kúrò, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n láti ẹnu ihò rẹ̀. Mítà kì í fi nọ́ńbà inú ìwé hàn gan-an: 8 ohm sábà máa ń jẹ́ bíi 5.5 sí 7, 4 ohm bíi 3 sí 3.8. Tí mítà kò bá rí nǹkan kan rárá, wáyà ti já níbì kan, ó sì lè jẹ́ inú sípíkà gan-an.

Ṣé n kò lè fi wáyà gìtá so áńpù mọ́ sípíkà? Ẹnu wọn rí bákan náà.

Inú wọn kò rí bákan náà. Wáyà gìtá ní òwú tín-ínrín kan láàárín, wáyà híhun sì yí i ká láti lé ariwo. Iná tó ń lọ sí sípíkà pọ̀ ju ohun tí òwú yẹn lè gbé lọ. Á gbóná, rọ́bà á yọ́, wáyà méjèèjì á fẹnu kanra, áńpù ló máa jìyà rẹ̀. Wáyà sípíkà, olówùú nípọn méjì, ni kí ẹ lò. Tí ihò Speakon bá wà lẹ́yìn rẹ̀, irú tí Neutrik ń ṣe, tí a ń kì bọ̀ ọ́ tí a sì ń yí kó lè há, ìyẹn ló dáa jù.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ gbé béèsì àti wáyà tiyín dání, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wáyà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kí iná tó tàn rárá, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ ka volt tó wà níbẹ̀: 100 ni ti Japan, 120 ti Amẹ́ríkà, 230 ti Yúróòpù. Èyí tí wọ́n ṣe fún 120 nìkan lè jóná lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá kì í bọ 230. Ẹ wo pílọ́ọ̀gì bóyá wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kẹta, èyí tó ń gbé iná lọ sílẹ̀. Ẹ tú fíúsì, kí ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀. Fíúsì tí wọ́n fi bébà sìgá dídán wé, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ.

Ẹ wá tàn án. Ẹ fi gbogbo bọ́tìnì sí òdo, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń kùn. Ẹ yí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan láti òpin dé òpin. Tó bá ń ta pápápá, ó sábà máa ń jẹ́ eruku, ìyẹn kò tó ohun à ń sá fún, ṣùgbọ́n ó tó ohun à ń fi dúnàá dúrà. Ẹ gbá orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí ohùn bá já tàbí tó ta, lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ nǹkan kan nínú, lè ti ya.

Ẹ ṣí iwájú àpótí tó bá ṣeé ṣí. Ẹ to ìka yí àárín bébà sípíkà ká, kí ẹ tì í wọlé díẹ̀, lọ́gbọọgba. Ó yẹ kó wọlé kó sì jáde láìfọhùn. Tí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha níbẹ̀, kọ́ìlì inú rẹ̀ (wáyà tí wọ́n wé róbótó) ti wú tàbí ó ti yẹ̀ kúrò láàárín, sípíkà yẹn ti ń lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ta á sókè dáadáa fún bí ìṣẹ́jú ogún, kí ẹ sì pẹ́ lórí okùn tó wálẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àrùn áńpù kì í yọjú àfi tó bá gbóná. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ ta á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ti dáhùn ìbéèrè yín.

Iná tàn, ohùn kò jáde. Nígbà mìíràn tí mo bá gbá a, á jáde. Ṣé ó ti kú?

Ó ṣeé ṣe kí àrùn náà má tó nǹkan. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ihò méjì tí wọ́n kọ "send" àti "return" sí, tàbí "effects loop". Tí nǹkan kan kò bá sí nínú "return", ohùn ń gba orí irin pẹlẹbẹ kékeré kan kọjá nínú ihò yẹn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún tí ẹnikẹ́ni kò lò ó, irin náà á dọ̀tí, ohùn á sì dúró síbẹ̀. Ẹ fi wáyà gìtá kúkúrú kan so "send" mọ́ "return". Tí ohùn bá padà wá, ẹ ti rí àrùn náà. Ẹ pa iná, ẹ fọ́n oògùn ìfọ̀nù fún ẹ̀rọ iná sínú ihò náà, kí ẹ ki pílọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́ kí ẹ sì yọ ọ́ léraléra. Oògùn kan náà ló wà fún bọ́tìnì tó ń ta pápápá. Ẹ má lo epo o, ẹ má sì lo èyí tí wọ́n fi ń tú bóòtì tó ti dógùn-ún. Mo ti rí ọ̀pọ̀ áńpù tí wọ́n tà ní owó pọ́ọ́kú torí irin pẹlẹbẹ yìí.

Ó ń kùn ṣáá.

Ẹ yọ gìtá. Tó bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ gìtá tàbí wáyà rẹ̀ ni. Tó bá ṣì ń kùn nígbà tí gbogbo bọ́tìnì wà ní òdo, tí áńpù náà sì ti dàgbà, ẹ fura sí àwọn kápásítọ̀ ńláńlá tó ń tún iná ṣe nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń gbẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ so ó mọ́ mísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, nìkan ló ń kùn, ẹ tẹ "ground lift", bọ́tìnì tó ń já ìsopọ̀ ilẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ má tìtorí ìyẹn gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì.

Onífáfù, onítúràńsítọ̀, tàbí àwọn tuntun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ yìí: èwo ni kí n rà ní àlòkù?

SVT tí Ampeg gbé jáde ní 1969, oní-300 watt, ṣì ni ọ̀pọ̀ oníbéèsì ń lá àlá rẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan, ìyẹn áńpù láìsí àpótí sípíkà, lé ní kílò 35, fáfù ńlá mẹ́fà ló sì ń bọ́ sípíkà rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ wọn, ẹ óò mọ̀ pé ẹ ra áńpù. Àwọn tuntun tí wọ́n ń pè ní class D lè má tó kílò mẹ́ta, iṣẹ́ wọn sì dára. Ṣùgbọ́n nǹkan inú wọn kéré bí ìyẹ̀fun, tó bá bàjẹ́, odidi pátákó ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀. Tí ẹni tó ṣe é kò bá ta pátákó náà mọ́, ó parí nìyẹn.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, onítúràńsítọ̀ àwọn ọdún 1980 àti 1990, tó ní túránsífọ́mà wíwúwo, ni máa rà. Kò rẹwà, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ kì í fi í pọ̀. Oníṣẹ́ rédíò tó mọ iṣẹ́ lè ṣí i kó sì tún un ṣe.

Ṣé èmi náà lè ṣí i?

Tó bá jẹ́ onífáfù, rárá, àyàfi tí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n bá kọ́ yín. 400 volt títí dé 700 ló ń rìn nínú rẹ̀, àwọn kápásítọ̀ sì lè mú iná dání pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì.

Tó bá ń jó fíúsì, ẹ má fi èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i. Àwọn oníṣẹ́ máa ń so gílóòbù àtijọ́, olówùú, sójú ọ̀nà iná rẹ̀ kí wọ́n tó tàn án. Tí gílóòbù bá tàn rokoṣo tó sì rẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dára. Tó bá tàn tí kò rẹlẹ̀, wáyà kan ti fẹnu kan èkejì nínú. Tí ẹ bá sì rí i tí bébà sípíkà fò síta nígbà tí ẹ tan onítúràńsítọ̀, tó dúró síbẹ̀ tí kò padà, ẹ tètè pa á: iná tààrà bíi ti bátìrì (DC) ló ń lọ sínú sípíkà, yóò sì jó o.

Mo pààrọ̀ sípíkà kan nínú méjì, béèsì wá fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ti gbé wáyà rẹ̀ kọrí síra. Bí ọ̀kan ṣe ń jáde ni èkejì ń wọlé, wọ́n wá ń pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́, ohùn tó wálẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ sá lọ. Ẹ tú wáyà áńpù kúrò, ẹ mú bátìrì 9 volt, kí ẹ fi ẹnu rere rẹ̀ kan ẹnu rere sípíkà kọ̀ọ̀kan, ẹnu kejì mọ́ ẹnu kejì, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fò síta. Èyí tó bá wọlé, ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ wáyà rẹ̀.

Kí ẹ tó ra sípíkà mìíràn ní ìgbà tó ń bọ̀, ẹ wo ti àtijọ́ dáadáa ná. Tí bébà rẹ̀ bá kàn ya díẹ̀, bébà fẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò máa ń dì í mú fún ọdún púpọ̀. Kọ́ìlì tó ń ha nìkan ni gọ́ọ̀mù kò lè wò sàn. Ìyẹn di ti ẹni tó ń gbé bébà àti kọ́ìlì tuntun sínú sípíkà.