Ìsomọ́ra: ohun tí ẹran ọ̀sìn lè ṣe fún ọmọ àgbàtọ́

Ká ní wọ́n mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan wá sílé alágbàtọ́ ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta níbí. Kì í jẹun lójú èèyàn. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, orí ló ń mì. Àmọ́ tílẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń bá a, tó ń da àgbàdo sílẹ̀ fún àgbébọ̀ kan, tó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ má pè é ní eré lásán. Ìsomọ́ra ló ti ń bẹ̀rẹ̀ yẹn.

Ìsomọ́ra ni okùn tó so ọmọ mọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó máa ń sá tọ̀ lọ bí ẹ̀rù bá bà á. John Bowlby, dókítà ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó jẹ́ ká mọ bó ti ṣe pàtàkì tó. Ọmọ tí ikú òbí tàbí ìyà ti já okùn yìí mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n tún ń gbé láti ilé kan dé òmíràn, kì í tètè gbára lé àgbà mọ́. Àgbà ti já a kulẹ̀ rí.

Ẹran ọ̀sìn kì í bi í pé níbo ni ìyá ẹ wà. Bí ọmọ bá fún un lóúnjẹ lónìí, ẹran náà á tún sáré pàdé rẹ̀ lọ́la, ọmọ tí gbogbo èèyàn ń ṣàánú fún á sì di ẹni tí wọ́n ń retí. Boris Levinson, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, rí irú èyí lára ọmọ kan tó ti fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ èèyàn: ajá Levinson, Jingles, ni ọmọ náà kọ́kọ́ bá ṣeré, kó tó wá di pé ó gba olówó ajá mọ́ra. Ó kọ̀wé lórí ẹ̀ ní ọdún 1962. Nítorí náà, alágbàtọ́, ẹ jókòó ti ọmọ níbi tó ti ń bọ́ ẹran ọ̀sìn rẹ̀, kẹ́ ẹ bi í nípa ẹran náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá sílẹ̀ ná.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé: adìyẹ tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ni wọ́n máa ń pa sọ́bẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, láìsọ fún un. Lójú tiwa, ẹran ni. Lójú ọmọ yẹn, wọ́n tún ti gba ẹni rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó wà fún pípa àti èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má sì fi “màá ta ajá yẹn” dẹ́rù bà á nígbà tó bá ṣẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá fẹ́ mú un padà sọ́dọ̀ ẹbí, ẹ bi wọ́n bóyá ẹran náà lè bá a lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó dágbére fún un.

Ọmọ tí wọ́n ti lù rí lè lu ẹranko náà, torí náà ẹ má fi àwọn méjèèjì nìkan sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí. Bí ajá bá sì gé ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wò ó bóyá ajá náà á kú.