Bí wọ́n ṣe ń lọ́ kóòdù JavaScript pọ̀ kó tó dé orí wẹ́ẹ̀bù

Kí aṣàwákiri bíi Chrome tàbí Firefox tó lè lo kóòdù JavaScript, ó ní láti kọ́kọ́ gbà á wálé. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì F12, tó ń ṣí irinṣẹ́ olùkọ kóòdù nínú aṣàwákiri, lè ka ohun tí olùkọ kóòdù kọ látòkèdélẹ̀. Kò ṣe é fi pamọ́; ohun tó ṣe é ṣe ni kí wọ́n lọ́ ọ pọ̀ débi tí kò ní yé èèyàn bọ̀rọ̀, tí kọ̀ǹpútà á sì ṣì máa kà á.

Irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń lò fún un ni javascript-obfuscator. Orí terminal, ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún un. Tí Node.js, ètò tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí aṣàwákiri, bá ti wà nílẹ̀, àṣẹ méjì ti tó:

npm install -g javascript-obfuscator
javascript-obfuscator src --output dist

Inú src ni ojúlówó kóòdù wà, inú dist sì ni èyí tó ti lọ́ ń bọ́ sí. Ojúlówó náà kò gbọdọ̀ sọnù, torí orúkọ àti àlàyé tó bá ti pòórá nínú dist kò ní padà mọ́.

Irinṣẹ́ yìí kì í kàn ṣe pààrọ̀ lẹ́tà. Á kọ́kọ́ tú kóòdù sí ẹ̀ka-ẹ̀ka bí igi, á sọ orúkọ tó nítumọ̀ di nǹkan bíi _0x3f2a, á kó ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì àyọlò jọ sínú àkójọ kan, kó tó wá tún igi náà kọ jáde. Nínú àwọn àṣàyàn tí wọ́n lè fi kún àṣẹ náà, èyí tó lágbára jù lójú tèmi ni --control-flow-flattening, tó ń da ìtẹ̀léra iṣẹ́ rú, ṣùgbọ́n ó lè mú kóòdù falẹ̀ tó ìlọ́po 1.5.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ ni --rename-properties, tó ń yí orúkọ àwọn ohun tó wà nínú dátà padà. Ká ní sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi dátà ránṣẹ́ sí aṣàwákiri) fi JSON, ìyẹn dátà tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀, ránṣẹ́ tó ní "iye" nínú, tí irinṣẹ́ sì ti yí "iye" padà nínú kóòdù: undefined, ìyẹn "kò sí nǹkan", ni kóòdù á bá níbẹ̀. --reserved-names ni wọ́n fi ń sọ orúkọ tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni lílọ́ pọ̀, ọ̀tọ̀ ni títì pa. Ẹni tó bá ní sùúrù á tú u, nítorí náà, orí sáfà ni ọ̀rọ̀ aṣínà ń gbé. Fáìlì .map tí --source-map ń ṣe, tó ń so kóòdù tó ti lọ́ mọ́ ojúlówó, ńkọ́? Ojúlówó kóòdù lè wà nínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀, torí náà kò gbọdọ̀ bá dist lọ sórí wẹ́ẹ̀bù.