Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣa Orin Ọdún Gbọọrọ Jọ Sínú Àwo Kan: Àpẹẹrẹ Ẹgbẹ́ Black Sabbath

Àwo àkójọ ni àwo tí wọ́n ṣa orin inú rẹ̀ láti inú àwọn àwo tí olórin kan ti gbé jáde sẹ́yìn, kí ẹni tí kò ní gbogbo wọn lè gbọ́ iṣẹ́ ọdún pípẹ́ ní ìjókòó kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni àwọn olórin náà jókòó, tí wọ́n mú àwọn orin tí wọ́n fẹ́ràn jù, tí wọ́n sì tò wọ́n tẹ̀ léra wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó máa jiyàn lórí èyí tó dùn jù, ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tó ti yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: ọwọ́ ta ni téèpù wà? Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ilé iṣẹ́ tí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ orin tí yóò wọlé àti èyí tí yóò dúró síta, ọ̀rọ̀ yìí sì hàn kedere lára Black Sabbath, ẹgbẹ́ tí àwọn olùfẹ́ orin heavy metal, ìyẹn orin rọ́ọ̀kì tí gìtá rẹ̀ wúwo, kà sí baba ńlá orin náà.

Agbègbè Aston nílùú Birmingham ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968. Tony Iommi ló ń ta gìtá, Geezer Butler ń ta bàsì, Bill Ward ń lu ìlù, Ozzy Osbourne sì ń kọrin. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970 ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, láàárín ọdún yẹn sí 1978 wọ́n sì ti ṣe mẹ́jọ. Wọ́n lé Ozzy kúrò ní 1979, Ronnie James Dio bọ́ sí ipò rẹ̀, Ian Gillan tẹ̀ lé e, Glenn Hughes náà kọrin lórí àwo kan, lẹ́yìn náà ni Tony Martin dé. Dio padà wá ṣe àwo kan ní 1992. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2013 tí Ozzy padà wá fún àwo tí wọ́n pè ní 13, àwo tí wọ́n ṣe ní sítúdíò ti di 19, Iommi nìkan ló sì wà lórí gbogbo wọn láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣa irú iṣẹ́ báyìí jọ ti bá oríṣiríṣi ohùn pàdé, ó sì ti bá oríṣiríṣi ìwé àdéhùn pàdé pẹ̀lú.

Lórí orin kọ̀ọ̀kan, ẹ̀tọ́ méjì ló wà, wọn kì í sì í sábà wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ẹ̀tọ́ kìíní jẹ́ ti àwọn tó ṣẹ̀dá orin náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀. Orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú orin Black Sabbath àtijọ́, nítorí náà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ̀tọ́ yẹn kàn. Ẹ̀tọ́ kejì jẹ́ ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò lọ́jọ́ kan pàtó, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde ló sì sábà máa ń ni ín. Ẹ̀tọ́ kejì yìí ni àwo àkójọ rọ̀ mọ́. Òfin Ìlú Ọba fi ọdún 50 dáàbò bo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2013 wọ́n sọ ọ́ di 70, èyí tó túmọ̀ sí pé títí ọdún 2040 yóò fi parí ni àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà yóò fi ní olówó orí.

Àwọn olówó orí yìí pọ̀. Ní Ìlú Ọba, Vertigo ló gbé àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀ jáde; ní 1973 orúkọ WWA ló wà lórí Sabbath Bloody Sabbath, ní 1975 NEMS ló wà lórí Sabotage. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀tọ́ àwọn àwo ayé ìgbà Ozzy bọ́ sọ́wọ́ Castle, Sanctuary ra Castle, Universal ra Sanctuary ní 2007, ó sì di ti BMG ní 2013. Ní Amẹ́ríkà, Warner Bros. ló ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí orin kan náà fi ní olówó méjì ní ìhà méjèèjì òkun, tí àkójọ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe ní London, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin kan náà ló kún inú àwọn méjèèjì. Warner ló ṣe Symptom of the Universe ní 2002, BMG ló wà lẹ́yìn The Ultimate Collection ní 2016, orin 31, ayé ìgbà Ozzy láti 1970 sí 1978 nìkan sì ni àwọn méjèèjì gbé yẹ̀ wò. The Sabbath Stones ti ọdún 1996 wá láti ọ̀dọ̀ I.R.S., ilé iṣẹ́ tó gbé àwọn àwo Tony Martin jáde láti 1989 sí 1995, nítorí náà orin ayé ìgbà yẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ orin tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, yóò kọ̀wé tọrọ àṣẹ, yóò sì máa san iye kan lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà. Ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbà, ó lè ní orin kan péré ni òun yóò yọ̀ǹda, ó sì lè kọ̀ pátápátá nítorí pé òun náà ń múra àkójọ tirẹ̀ sílẹ̀. Orin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tọrọ ń dín èrè kù. Ibí yìí ni ìyà ti jẹ àwọn orin Tony Martin. Headless Cross jẹ́ àwo tó dúró dáadáa, ohùn rẹ̀ lágbára, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àwo àsìkò yẹn kò fi sí lọ́jà, tí àwọn tó ń ṣe àkójọ sì ń fò wọ́n kọjá bí ẹni pé ẹgbẹ́ náà sùn lọ fún ọdún bíi mélòó kan. Ọdún 2024 ni wọ́n tó padà jáde nínú páálí kan tí wọ́n pè ní Anno Domini 1989–1995, Iommi fúnra rẹ̀ sì tún ohùn Forbidden, ọ̀kan nínú àwọn àwo náà, tò kí ó tó jáde. Ohun tó dára tó tọ́ ni, ó kàn pẹ́ jù ni.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni ọ̀rọ̀ adùn tó kàn. Àwọn orin kan wà tí kò sí ẹni tó lè yọ wọ́n: Paranoid, Iron Man, War Pigs àti orin tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó ra àkójọ tí kò bá àwọn wọ̀nyí níbẹ̀ yóò rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Àmọ́ ẹni tó ti ní gbogbo àwo àtijọ́ nílé náà gbọ́dọ̀ rí ìdí tí yóò fi mówó jáde, fún un ni wọ́n sì ṣe máa ń wá ohun tí kò rọrùn láti rí. Wicked World jẹ́ irú rẹ̀: orí àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ló wà, ní ipò Evil Woman, orin tí ẹgbẹ́ Crow ti Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ kọ. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń ṣe orin tuntun pátápátá. Fún The Dio Years ní 2007, Dio àti Iommi padà sí sítúdíò láti ṣe mẹ́ta, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ wọn débi pé àwọn mẹ́rin tó ṣe é kó ara wọn jọ pẹ̀lú orúkọ Heaven & Hell, wọ́n rìnrìn àjò káàkiri ayé, wọ́n sì ṣe odindi àwo mìíràn ní 2009.

Àyè náà ní òfin tirẹ̀. CD kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Ojú kan àwo dúdú tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbọ́ kò fẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ kí ohùn tó máa rẹ̀, orin tí bàsì rẹ̀ wúwo bíi ti Butler sì nílò ilà tó fẹ̀ ju ti orin mìíràn, nítorí náà ó ń jẹ àyè. Paranoid kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta; War Pigs fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́jọ; Warning kọjá mẹ́wàá. Àkójọ wọn àkọ́kọ́, We Sold Our Soul for Rock 'n' Roll, tí NEMS gbé jáde ní Ìlú Ọba ní òpin ọdún 1975, ní orin 17 lórí àwo méjì. Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ṣà á yóò rí i pé mẹ́rin wá láti inú Paranoid, mẹ́rin láti inú Vol. 4, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló wá láti inú Sabotage tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yẹn kan náà. Ọgbọ́n ọjà wà níbẹ̀: kò sí ẹni tó fẹ́ kí àkójọ pa àwo tó ṣì wà lórí igbá.

Ìṣòro mìíràn, tí ẹni tó wà lóde kì í fura sí, ni ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Lórí àwọn àwo ìgbà yẹn, orin máa ń wọnú orin. Embryo, orin kékeré tí Iommi fi gìtá nìkan ṣe, ló ṣílẹ̀kùn fún Children of the Grave. N.I.B. ní bàsì tí Butler dá ta ṣáájú, èyí tí àwo Amẹ́ríkà fún ní orúkọ tirẹ̀, Bassically. Bí wọ́n bá gé e síbi tí kò tọ́, ńṣe ni orin náà yóò já wọlé lójijì bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ẹnjiníà yóò wá ibi tí ohùn ti rọlẹ̀ jù, yóò gé e níbẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ìyókù rẹ̀ máa rọ lọ díẹ̀díẹ̀.

Kí gígé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti rí ìyá téèpù, ìyẹn téèpù tí gbogbo ẹ̀dà yòókù ti jáde. Nígbà tí téèpù bá ti ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn tó báyẹn, ohun tó wà nínú àpótí lè jẹ́ ẹ̀dà ẹ̀dà, tí ohùn rẹ̀ sì ti ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ téèpù tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 1975 lọ sókè tún ní àìsàn kan: àtè tó mú ìyẹ̀fun irin mọ́ ike rẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, tí wọ́n bá sì gbé e sórí ẹ̀rọ, yóò máa lẹ̀, yóò máa han, yóò sì máa bó sílẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni ooru. Wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí 54 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á sì yára gbà á sórí kọ̀ǹpútà kí àìsàn náà tó padà.

Iṣẹ́ etí ló kù. Ẹnjiníà ń yọ ariwo kúrò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ariwo tó jẹ́ ti téèpù yàtọ̀ sí ariwo tó jẹ́ ti orin. Sweet Leaf bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ Iommi, tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì ń yí po; ẹ̀rọ tó ń wá àléébù lè kà á sí ẹ̀gbin, orin náà kò sì pé láìsí i. Bákan náà ni ìjìnlẹ̀ ohùn gìtá rẹ̀. Nígbà tí Iommi wà lọ́mọ ọdún 17, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló sì fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ olómi, ó fi ṣe ìbòrí fún ìka náà, ó lẹ awọ mọ́ ọn, ó sì ń lo okùn tín-ín-rín. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Master of Reality ní 1971, ó dẹ okùn náà sílẹ̀ lórí orin mélòó kan, Butler náà sì dẹ tirẹ̀, ohùn wọn wá wúwo bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mì. Bí wọ́n bá wá to orin tí wọn kò dẹ okùn rẹ̀ tẹ̀ lé èyí tí wọ́n dẹ, èyí tó kẹ́yìn yóò fúyẹ́ létí, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìdí kan nìyí tí títò wọ́n ní ọdún sí ọdún, bí wọ́n ti ṣe lórí Symptom of the Universe, fi dára ju kí wọ́n kàn fi Paranoid ṣíwájú bíi ti àkójọ 2016: etí yóò gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń yí padà láti àwo dé àwo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láti nǹkan bí ọdún 1995 ni pípariwo. Wọ́n máa ń fún gbogbo ohùn pọ̀ kí ibi tó rọlẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú ibi tó ga, kí àwo náà lè ga ju ti aládùúgbò lọ. Orin Black Sabbath kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ibi tí Ozzy ti ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú orin tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, èyí tó ṣí àwo àkọ́kọ́, tí gìtá tún wá ya wọlé, ìbẹ̀rù inú orin náà wà nínú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá dí àlàfo náà ti pa orin náà.

Ní ti ọjà, òfin kan ṣe àkójọ olórin kan ṣoṣo lóore ní Ìlú Ọba: láti ọdún 1989, àkójọ ọ̀pọ̀ olórin ló ní àtẹ tirẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn àwo tó ń tà jù, ti olórin kan ṣì ń bá àwọn àwo tuntun du ipò lórí àtẹ ńlá.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo yóò tẹ ẹ̀dà díẹ̀ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò gbé abẹ́rẹ́ lé ojú kìíní, àti pé bí wọ́n bá tò ó ní ọdún sí ọdún, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni òjò, lẹ́yìn náà agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́nà jíjìn, àti àrá. Kò sí ibi tó le láti yẹ̀ wò tó ibẹ̀, torí pé bí òjò ṣe ń rọ̀ lórí téèpù ni àwo tí wọn kò tẹ̀ dáadáa náà ṣe máa ń ta pẹ́pẹ́pẹ́. Yóò gbé ẹ̀dà kejì síbẹ̀, yóò gbọ́ ibì kan náà. Bí títa náà bá bọ́ síbi kan náà lórí méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjò ní tòótọ́, tàbí kí àléébù ti wà lára irin tí wọ́n fi tẹ àwo náà, yóò sì fi ohun tó gbọ́ wé téèpù kó tó buwọ́ lù ú.